Ẹ̀wù Kẹrin

Wọ́n tún kó ẹ̀wù tuntun dé láàárọ̀ yìí,
ẹ̀wù kẹrin láàárín ọdún márùn-ún.
Àkọ́kọ́ pupa bí ẹyin ọ̀pẹ,
èkejì dúdú bí aró, ẹ̀kẹta funfun, kì í pẹ́ dọ̀tí.
Eléyìí ní àwọ̀ eérú,
ahọ́n mi ń kọsẹ̀ lára orúkọ àyà rẹ̀.
Ṣùgbọ́n òpó kan náà ni mò ń gùn lẹ́yìn Sábo,
àtẹ̀gùn kan náà, ìpẹta rẹ̀ ti mọ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Nígbà tí Kúfọ̀rìjì dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Mákún,
ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló lò, níbi tí wọ́n ti ń ṣa obì tẹ́lẹ̀.
Àwa mẹ́ta, ayọ́ọ̀nù ìjórin kan,
jẹnẹrétọ̀ tí ń wúkọ́ bí arúgbó inú ọyẹ́.
Àpótí tí a tò fúnra wa kò ju Bíbélì lọ,
ṣípù inú rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ jòjòló,
síbẹ̀ òun ló ń darí ọ̀rọ̀ láti Ìjọkùn dé Ògìjò
bí ọlọ́pàá oríta tó mọ orúkọ gbogbo ọkọ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn tó ń bá wa figagbága wà.
Wọ́n dín owó oṣù kù, àwa náà dín in.
Wọ́n fún ará Òdògbólú ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́,
Kúfọ̀rìjì fún wọn ní oṣù kan àbọ̀,
ó ní, "Ọmọ Rẹ́mọ kì í sá fún Ìjẹ̀bú lọ́jà."
A rẹ́rìn-ín.
Ẹsẹ̀ tí èèyàn bá gbọ́ lẹ́yìn, ó lè yára fún un.

Èyí tó pa wá kò gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde wá.
Inú lẹ́tà ló gbà, ìlà mẹ́rin péré.
Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù wa lókè òkun,
wọ́n ti rà á, tilé toko.
Ẹni tó rà á ló ni ẹni tó ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde.
(Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí ó tó yé mi.)
Wọ́n ní: a dúpẹ́ fún àjọṣe wa.
Wọ́n ní: a kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.
Irọ́ ni. Lóṣù kejì a tú àpótí àwọn ọ̀hún,
a bá a níbẹ̀, ẹsẹ̀ wúrà kan náà,
orúkọ nìkan ni wọ́n fá kúrò lórí rẹ̀.

Màmá Ẹfúnyẹmí gbọ́, kò bínú.
Ó ní, "Ohun tí wọ́n ṣe fún wa nídìí obì nìyẹn.
Ẹni tó fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ ẹ kò ní bá ẹ du obì.
Ewé tí o fi ń wé e ni yóò lọ rà tán lóko.
Obì tí kò rí ewé,
ọjọ́ mélòó ni yóò fi gbẹ?"

Òjò Agẹmọ ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Kúfọ̀rìjì tà.
Ìkẹjà ló ti fọwọ́ síwèé, nínú yàrá tó tutù bí ìdí àmù.
Ó kọ́lé sí Ìkẹnnẹ́. Kò so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan sínú rẹ̀.
Èmi ni wọ́n tà pọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn.
Ẹni tó rà wá, wọ́n rà á.
Ẹni tó rà á, wọ́n ti ń ná an lọ́wọ́.

Mo wà lókè òpó nígbà tí fóònù dún:
Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọmbọ̀, tíṣà àná, ní Ìjọkùn.
Kò pe nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀wù.
"Ṣé ìwọ náà ṣì ni? Ó tún ti lọ o."
"Èmi náà ni, sà."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, àpótí wa ìgbà àkọ́kọ́ ń ṣẹ́jú,
iná aláwọ̀ ewé, ẹ̀ẹ̀mejì, kó dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì.
Àwọn tuntun ní kí n máa yọ wọ́n sọnù.
Mo fi etí ẹ̀wù kẹrin nu eruku orí rẹ̀,
mo tún okùn rẹ̀ so.